Ọ̀RỌ̀ OLÓÒTÚ: SÍǸKÌ TI ILÉ ÀTI SÍǸKÌ TI ÌDÍ IṢẸ́

  

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ lóṣù yìí lè dàbí ọ̀rọ̀ kékeré lójú ẹni tí kì í fọ abọ́. Ọ̀rọ̀ síǹkì ni. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó-oṣù, kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó ìfẹ̀yìntì, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti àwọn ẹlẹgbẹ́ wa tí wọ́n dá dúró lẹ́nu iṣẹ́. Síbẹ̀, nínú ìpàdé ẹ̀ka wa tó kọjá, ọ̀rọ̀ síǹkì yìí ló gba odidi wákàtí kan àti ààbọ̀ mọ́ wa lọ́wọ́, tí ohùn ń ròkè, tí alága lu tábìlì títí ọwọ́ fi ń dùn ún. Ohun tó bá lè mú àgbà òṣìṣẹ́ méjì dìde lórí ìjókòó kí wọ́n máa na ìka sí ara wọn, kì í ṣe ohun tí ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ lè fò dá.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ẹlẹgbẹ́ wa kan, tó ń ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ, ń gbé ní òkè kejì nínú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní apá Mushin. Yàrá méjì ni wọ́n gbà. Ilé-ìdáná wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ilé-ìdáná tí kò ní síǹkì ni. Láti ọdún mẹ́fà tí wọ́n ti wà níbẹ̀, inú ọpọ́n ni ìyàwó rẹ̀ ń fọ abọ́ sí, tí yóò sì ru omi ìdọ̀tí náà sọ̀kalẹ̀ àtẹ̀gùn lọ dà á sí gọ́tà iwájú ilé. Láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Lọ́jọ́ kan ní àkókò òjò, ó yọ̀ lórí àtẹ̀gùn tòun ti ọpọ́n, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ sì kán. Iṣẹ́ aránṣọ ni obìnrin náà ń ṣe. Ẹ rò ó wò: aránṣọ tí wọ́n fi POP di ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Owó tí kò wọlé lọ́sẹ̀ mẹ́fà yẹn ì bá ra síǹkì mẹ́ta.

Ọkọ rẹ̀ lọ bá onílé. Onílé ní ẹni tó bá fẹ́ síǹkì kó lọ rà á. Ó pe púlọ́mbà. Owó tí púlọ́mbà dá lé e, ohun èlò àti owó iṣẹ́ pọ̀, ju ìdajì owó-oṣù rẹ̀ lọ. Ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí 70,000 náírà gẹ́gẹ́ bí owó-oṣù tó kéré jù lọ ní oṣù keje ọdún 2024, a sì mọ ibi tí 70,000 náírà ń bá ènìyàn dé ní ọjà Èkó kí oṣù tó dé ìdajì. Ẹlẹgbẹ́ wa bá sọ pé òun yóò fọwọ́ ara òun ṣe é. Méjì nínú wa lọ ràn án lọ́wọ́. Ọjọ́ Sátidé mẹ́ta ni iṣẹ́ náà gbà, nítorí pé kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n dáadáa nínú àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ṣùgbọ́n síǹkì dúró, omi ń ṣàn, kò sì jò. Látìgbà náà, ọmọ ẹgbẹ́ mẹ́fà mìíràn ti yá irinṣẹ́ ẹ̀ka wa láti ṣe tiwọn.

Ibẹ̀ ni ìjà ti wọlé.

Bàbá Púlọ́mbà, bí gbogbo wa ṣe ń pè wọ́n, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka àtúnṣe, dìde nínú ìpàdé. Wọ́n ní, “Ẹ ń kọ́ àwọn ènìyàn láti gba oúnjẹ lẹ́nu mi. Bí mo bá jókòó sídìí bọ́ọ̀sì lọ́la tí mo wà á lọ sí Ọ̀ṣòdì láìní ìwé àṣẹ, ṣé ẹ̀yin dírẹ́bà yóò pàtẹ́wọ́ fún mi?” Dírẹ́bà kan dá wọn lóhùn pé, “Bàbá, bí a bá pè yín, ṣé ẹ ó gba iye tí a ní?” Bàbá kò dáhùn, wọ́n kàn jókòó. Inú wa kò dùn sí bí wọ́n ṣe jókòó yẹn. Àgbà oníṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n, ọ̀rọ̀ wọn sì ní ìtumọ̀.

Àwa tí à ń kọ ojú ìwé yìí kò ní í fi ẹnu kan sọ pé Bàbá jẹ̀bi. Òṣìṣẹ́ tó bá ń ṣe iṣẹ́ òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún ọ̀gá, a mọ orúkọ tí à ń pè é. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ nínú ilé-ìdáná ìyàwó rẹ̀, tí kò sí ọ̀gá kankan tí yóò jèrè níbẹ̀, kò gba oúnjẹ ẹnikẹ́ni. Bí kò bá ṣe é fúnra rẹ̀, kò ní í pe púlọ́mbà, nítorí pé kò ní owó púlọ́mbà. Ọpọ́n ni yóò padà sí. Àtẹ̀gùn ni ìyàwó rẹ̀ yóò padà sí. Ibi tí oúnjẹ Bàbá wà, a ó dé ibẹ̀ láìpẹ́, kò sì jìnnà sí ibi tí wọ́n ń jókòó jẹun lọ́sàn-án.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ bí iṣẹ́ náà ṣe rí, nítorí pé ọ̀pọ̀ ló ti ń béèrè, àwọn kan sì ti bà á jẹ́.

Kí ẹ tó mú sípánà, ẹ mú bírò. Síǹkì tí ayálégbé bá fi owó ara rẹ̀ rà tó sì fi sìmẹ́ǹtì lẹ̀ mọ́ ilé onílé, ilé onílé ló máa dúró sí lọ́jọ́ tí ayálégbé bá ń kó jáde. A ti rí onílé tó fi owó kún owó ilé nítorí síǹkì tí ayálégbé fi òógùn ara rẹ̀ ṣe. Òfin ayálégbé Ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2011 kọ ọ́ sílẹ̀ pé ayálégbé tó bá ṣe àtúnṣe tó mú ilé dára sí i, tó sì ti gba ìyọ̀ǹda onílé tẹ́lẹ̀ nínú ìwé, lè béèrè owó àtúnṣe náà nígbà tó bá ń lọ. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa: tẹ́lẹ̀, àti nínú ìwé. Onílé tó mi orí lórí ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ kò tíì yọ̀ǹda. Ẹ kọ ìwé kékeré kan, ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ ṣe àti iye tí ẹ rò pé yóò ná yín, kí onílé buwọ́ lù ú, kí ẹ sì tọ́jú rìsíìtì gbogbo ohun tí ẹ rà. Akọ̀wé ẹ̀ka wa ti kọ àpẹẹrẹ irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ẹ lọ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, kò gba kọ́bọ̀.

Síǹkì fúnra rẹ̀ ńkọ́? Èyí tó pọ̀ jù lọ́jà ni ti irin tí kì í dípẹtà. A fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ọmọ òṣìṣẹ́ bíi tiyín ló fún ayé ní irin yẹn. Harry Brearley, tí wọ́n bí ní Sheffield ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1871, bàbá rẹ̀ ń yọ́ irin ní ilé-iṣẹ́ irin, òun náà sì ti wọ ilé-iṣẹ́ náà gẹ́gẹ́ bí ọmọdé alágbàṣe kó tó pé ọmọ ọdún mẹ́tàlá. Ní ọdún 1913, wọ́n ní kó wá irin tí ẹnu ìbọn kò ní í tètè jẹ, òun sì rí i pé irin tó pò pọ̀ mọ́ kírómíọ̀mù kì í dípẹtà. Dípò ìbọn, ọ̀bẹ ìjẹun ló kọ́kọ́ rò ó fún. Èyí tó dára nínú síǹkì irin ní kírómíọ̀mù bíi 18 àti níkẹ́ẹ̀lì bíi 8 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí ẹ bá lọ sọ́jà, ẹ mú òòfà kékeré dání, irú èyí tó wà lẹ́yìn sípíkà rédíò tó ti bàjẹ́. Bí òòfà bá lẹ̀ mọ́ ojú síǹkì náà gbagidi, kò ní níkẹ́ẹ̀lì tí ọlọ́jà ń pariwo, ẹ má san owó oníníkẹ́ẹ̀lì fún un. Ẹ fi ìka tẹ àárín ìsàlẹ̀ rẹ̀ náà. Èyí tó bá ń ró pákápáká bí páànù mílíìkì ti fẹ́lẹ́ jù.

Gíga síǹkì, àwọn bíríkìlà máa ń gbé e sí nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta sílẹ̀, láìbèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ pe ẹni tí yóò máa lò ó, kó dúró níwájú ògiri, kó ká ìgbọ̀nwọ́, kí ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbẹ̀. Ètè síǹkì gbọ́dọ̀ rẹlẹ̀ díẹ̀ sí àmì yẹn. Obìnrin tó bá tẹ̀ lórí síǹkì tó kúrú jù lọ́dún mẹ́wàá, ẹ̀yìn rẹ̀ yóò sọ fún yín. Bó bá sì jẹ́ pé ọkùnrin ilé ló ń fọ abọ́, ẹ wọn tirẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Àwọn kan wà nínú yín, a mọ̀ yín.

Ohun tí síǹkì yóò jókòó lé lórí lè jẹ́ sìmẹ́ǹtì tí bíríkìlà dà lórí bíríkì méjì tó dúró, tàbí férémù irin tí wẹ́dà jó pọ̀. Ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, férémù irin ló dára jù, nítorí pé kò wúwo, ẹ sì lè gbé e lọ nígbà tí ẹ bá ń kó. Bó bá jẹ́ orí pákó ni ẹ fẹ́ gbé e sí, ẹ dojú síǹkì dé lórí pákó náà, ẹ fi pẹ́ńsù yí etí rẹ̀ ká, lẹ́yìn náà kí ẹ gé e ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan wọnú ìlà yẹn. Ẹlẹgbẹ́ wa kan gé e lórí ìlà gan-an. Síǹkì náà wọ inú ihò, ó sì já wálẹ̀ sórí àpò gàrí. Wọ́n fi sílíkóònù yí etí rẹ̀ ká kí omi má baà ráàyè wọ abẹ́.

Omi tó ń wọlé kò nira. Ẹ ti fáàfù omi pa, ẹ ṣí táàpù tó wà nísàlẹ̀ jù nínú ilé kí omi tó kù nínú páìpù jáde, ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Téèpù funfun tí à ń wé mọ́ ẹnu páìpù, ibi tí nọ́ọ̀tì ń yí sí nígbà tí à ń dè é ni kí ẹ wé e sí, kó má baà tú nígbà tí ẹ bá ń dè é. Ẹ fi ọwọ́ dè é kó le, kí ẹ sì fi sípánà fún un ní díẹ̀ sí i. Ẹ̀yin mẹkáníìkì, ẹ̀yin ni a ń bá sọ̀rọ̀. Nọ́ọ̀tì ike kì í ṣe nọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ táyà. Mẹ́ta ni ẹ ti fọ́.

Omi tó ń jáde ni ọ̀gá gbogbo rẹ̀, ibẹ̀ sì ni èmi tí mò ń kọ ọ̀rọ̀ yìí ti jìyà.

Ilé mi ni mo ti ṣe tèmi, ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, kí ẹ̀ka wa tó ní irinṣẹ́ kankan. Mo ra páìpù rọ́bà tààrà kan, mo fi ẹnu rẹ̀ kan sábẹ́ síǹkì, mo ti ẹnu kejì bọ páìpù tó lọ sí sókàwéè, ó parí. Omi ń lọ fàààà. Mo pe àwọn ará ilé wá wò ó. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, òórùn kan gba ilé. Ìyàwó mi ní eku ló kú. A gbé kọ́bọ́ọ̀dù, a gbé àpò ìrẹsì, a kò rí eku. Mo ra ísáàlì, mo dà á síhìn-ín, mo dà á sọ́hùn-ún. Ọ̀sẹ̀ méjì ni a fi ń jẹun ní ẹnu ọ̀nà. Bàbá Púlọ́mbà yìí kan náà ni mo lọ bá níkẹyìn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ síǹkì, wọ́n sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní, “O kọ́lé, o kò kan ilẹ̀kùn.”

Ilẹ̀kùn tí wọ́n ń sọ ni a ń pè ní tíráàpù. Páìpù tó tẹ̀ bí ọrùn lékèélékèé ni. Ní ibi tó tẹ̀ yẹn, omi díẹ̀ máa ń dúró nígbà gbogbo. Omi tuntun bá dé, ó ti èyí tó wà níbẹ̀ lọ, ó sì gba ipò rẹ̀. Omi tó dúró yẹn ni kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ sókàwéè, tó ń rùn tó sì lè ṣe ènìyàn ní ibi, gba inú páìpù padà wá sínú ilé. Aáyán pàápàá kì í fẹ́ gba ibẹ̀ kọjá. Aṣe-aago kan láti Scotland, Alexander Cumming, ló gba ìwé àṣẹ lórí irú ọrùn bẹ́ẹ̀ fún ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ní London ní ọdún 1775. Ó lé ní igba ọdún tí ayé ti mọ̀ ọ́n, èmi kò sì mọ̀ ọ́n, mo fi eku ṣe ẹlẹ́ṣẹ̀.

Nítorí náà, ẹ ra tíráàpù kí ẹ tó ra ohunkóhun mìíràn. Kí omi tó dúró nínú rẹ̀ jìn tó nǹkan bí íǹṣì mẹ́ta. Bí ẹ bá ń lọ sílé fún Kérésì tàbí Iléyá tí ẹ ó pẹ́, omi inú rẹ̀ lè gbẹ. Ẹ da ife omi méjì sí i bí ẹ bá dé, òórùn yóò lọ. Páìpù tó gbà láti ìdí tíráàpù kí ó jẹ́ íǹṣì kan àti ààbọ̀, kó sì máa rẹlẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀: nínú ẹsẹ̀ bàtà kan, kó fi ìdámẹ́rin íǹṣì rẹlẹ̀. Bó bá dúró gbọọrọ láìrẹlẹ̀, ọ̀rá ọbẹ̀ yóò jókòó sínú rẹ̀. Ẹ fi aṣọ nu ẹnu páìpù ike kó gbẹ, ẹ fi sáńpépà ha á, ẹ fi gọ́ọ̀mù pa méjèèjì, ẹ tì í wọlé, ẹ dì í mú, ẹ sì fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ẹni tí kò lè dúró di ọjọ́ kejì ni yóò tún un ṣe lọ́jọ́ kẹta.

Bí gọ́ọ̀mù bá ti gbẹ, ẹ dí ìdí síǹkì, ẹ kún un fún omi dé ẹnu, ẹ tú u lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sábẹ́, ẹ fi bébà gbígbẹ yí oríkèé kọ̀ọ̀kan ká. Bí bébà bá tutù, ibẹ̀ ló ti ń jò. Omi gbígbóná tí a fi se iṣu tàbí mákàrónì, ẹ má dà á sí i bó ṣe ń hó. Páìpù ike máa ń rọ̀ bí ooru bá pọ̀. Ẹ ṣí omi tútù sí i bí ẹ ṣe ń dà á. Òróró tí a fi dín àkàrà kò gbọdọ̀ dé ibẹ̀ rárá, nítorí pé yóò dì bí ọ̀rá màlúù nínú ọrùn lékèélékèé yẹn, ẹ ó sì pe Bàbá nígbà náà pẹ̀lú owó.

Ibi tí omi yóò lọ náà ṣe pàtàkì. Kó lọ sí sókàwéè tó jìnnà sí kànga àti bohólù, kì í ṣe gọ́tà gbangba níbi tí àwọn ọmọ ń ṣeré. A kò tíì gbàgbé kọ́lẹ́rà tó bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó ní oṣù kẹfà ọdún 2024.

Àwọn ibì kan wà tí a kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Bí páìpù ilé yín bá jẹ́ irin àtijọ́ tí ìpẹtà ti jẹ, tí ẹnu rẹ̀ sì ń fọ́ wẹ́wẹ́ bí ẹ ti ń yí i, ẹ dúró, ẹ pe púlọ́mbà. Bó bá jẹ́ páìpù tó gba inú yàrá ẹlòmíràn kọjá nísàlẹ̀ ni, ẹ pe púlọ́mbà. Bí ẹ bá fẹ́ gbẹ́ sókàwéè, ẹ má dán an wò. Owó tí ẹ ó san níbẹ̀ kéré sí owó tí ẹ ó fi bẹ aládùúgbò tí àjà rẹ̀ já.

Ó kù síbi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an.

Ìwé kan wá láti ọ́fíìsì àwọn ọ̀gá. Wọ́n gbọ́ pé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa ti mọ iṣẹ́ síǹkì. Wọ́n yìn wá. Wọ́n ní ẹ̀mí àjọṣe ni. Wọ́n wá béèrè pé, níwọ̀n bí káńtíìnì gáréèjì kò ti ní síǹkì, ṣé àwọn tó mọ̀ ọ́n kò lè wá lọ́jọ́ Àìkú méjì láti gbé ọ̀kan síbẹ̀, kí àwọn òṣìṣẹ́ sì dá owó díẹ̀ fún ohun èlò, nítorí pé ìnáwó ọdún yìí ti parí.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ gáréèjì náà, ẹ mọ bó ṣe rí. Táàpù kan ṣoṣo ló wà, ẹ̀gbẹ́ kòtò tí wọ́n ti ń wo abẹ́ ọkọ̀ ló wà, ilẹ̀ ibẹ̀ sì ń yọ̀ fún epo. Mẹkáníìkì ń jáde lábẹ́ ẹ́ńjìnnì láago kan, ó ń fi epo dísù fọ gíríìsì kúrò lọ́wọ́, ó ń fi omi táàpù yẹn ṣan án, ó sì ń fi ọwọ́ kan náà bu ẹ̀bà. Obìnrin tó ń se oúnjẹ níbẹ̀ ń fọ abọ́ ènìyàn tó lé ní ọgọ́rin nínú bẹ́ésìnì méjì. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe tuntun. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ẹ̀ka wa ti kọ̀wé lórí rẹ̀, a sì ní ẹ̀dà àwọn ìwé náà lọ́wọ́.

Òfin Fákítìrì ti ọdún 1987 sọ ọ́ láìfi igbá kan bọ̀kan nínú pé agbanisíṣẹ́ ni yóò pèsè omi mímu tó mọ́ àti ibi ìfọwọ́ tó yẹ fún òṣìṣẹ́, pẹ̀lú ọṣẹ àti ohun tí wọn yóò fi nu ọwọ́. Kò sọ pé kí òṣìṣẹ́ dá owó. Kò dárúkọ ọjọ́ Àìkú. Ta ni yóò sanwó omi kì í sì í ṣe ìbéèrè tuntun ní Èkó. Ní ọdún 1908, nígbà tí ìjọba amúnisìn fẹ́ kí àwọn ará ìlú máa sanwó omi ẹ̀rọ, ìdí rẹ̀ ni Dókítà John Randle àti Dókítà Ọbasá fi dá ẹgbẹ́ People's Union sílẹ̀.

Àwọn kan wà nínú wa, a kò ní í fi wọ́n bú, tí wọ́n ní ká lọ ṣe é. Wọ́n ní ìyà tó wà níbẹ̀, àwa là ń jẹ ẹ́, kì í ṣe ọ̀gá. Ọ̀gá kì í jẹun ní káńtíìnì. Wọ́n ní bí a bá ń dúró de òfin, a ó máa jẹ dísù mọ́ ẹ̀bà títí a ó fi fẹ̀yìn tì. Òótọ́ ni. Ọ̀rọ̀ yẹn dun olóòtú yìí, nítorí pé òun náà ń jẹun níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ wò ó síwájú. Bí a bá gbé síǹkì yìí lọ́fẹ̀ẹ́, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni yóò kàn, wọn yóò ní ẹ ṣáà mọ páìpù. Lẹ́yìn náà òrùlé tó ń jò. Bí ẹnikẹ́ni bá yọ̀ tí ó ṣubú níbi iṣẹ́ ọjọ́ Àìkú yẹn, wọn yóò ní kò sí lórí iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, ó wá fúnra rẹ̀ ni. Síǹkì tí a sì fi owó wa rà yóò wà nínú ìwé ọdún wọn gẹ́gẹ́ bí ohun rere tí ilé-iṣẹ́ ṣe fún òṣìṣẹ́.

Ibí yìí gan-an ni oúnjẹ Bàbá Púlọ́mbà wà. Kò sí nínú ilé-ìdáná ẹni tó ń gba 70,000. Ó wà ní káńtíìnì gáréèjì, ó wà ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ fákítìrì tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ti já, ó wà nínú gbogbo iṣẹ́ páìpù tí wọ́n ní kó dúró di ọdún tó ń bọ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ Bàbá ni, wọ́n gbọ́dọ̀ sanwó rẹ̀ fún wọn, bó bá sì bọ́ sí ọjọ́ ìsinmi, owó ofatáìmù ni. Nígbà tí a sọ èyí nínú ìpàdé, Bàbá tún dìde. Wọ́n ní àwọn yóò kọ iye ohun èlò sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé kò mọ iye tí yóò ná òun. Wọ́n ti kọ ọ́: síǹkì onílé méjì, tíráàpù méjì, táàpù mẹ́ta, páìpù, férémù irin, àti iṣẹ́ ọjọ́ méjì fún ènìyàn méjì. Ojú ìwé kan ṣoṣo ni. Iye rẹ̀ kò tó owó táyà tuntun méjì fún bọ́ọ̀sì kan.

Ìgbìmọ̀ ẹ̀ka ti fi ìwé yẹn ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀gá pẹ̀lú èsì wa. A dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn fún ìyìn. A kò ní í wá lọ́jọ́ Àìkú. A béèrè pé, kó tó di pé síǹkì dé, kí wọ́n gbé dúrọ́ọ̀mù omi tó ní táàpù sí ẹnu ọ̀nà káńtíìnì pẹ̀lú ọṣẹ, láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Fún síǹkì, a fún wọn ní ọjọ́ mọ́kànlélógún. Bí wọn kò bá dáhùn, a ó gbé ẹjọ́ náà lọ bá àwọn alábẹ̀wò fákítìrì ní ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, pẹ̀lú ìwé mẹ́ta tí a ti kọ tẹ́lẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni nínú yín má lọ ṣe iṣẹ́ náà lẹ́yìn ẹgbẹ́, bí ọ̀gá tilẹ̀ fi ọtí ẹlẹ́rìndòdò méjì bẹ̀ yín. Bí wọ́n bá pè yín lọ́kọ̀ọ̀kan sí ọ́fíìsì lórí ọ̀rọ̀ yìí, ẹ sọ fún aṣojú yín lọ́jọ́ náà gan-an.

Ní ti ilé, ẹ máa bá iṣẹ́ lọ. Bàbá Púlọ́mbà ti gbà láti máa wá sí ọ́fíìsì ẹ̀ka ní ọjọ́ Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù, láago mẹ́wàá, láti wo àwòrán ohun tí ẹ fẹ́ ṣe kí ẹ tó lọ sọ́jà. Ẹ̀ka yóò máa san owó ọkọ̀ fún wọn. Ẹ má lọ bá wọn nílé lálẹ́.

Irinṣẹ́ wà lọ́dọ̀ akápò: sípánà páìpù méjì, téèpù ìwọ̀n kan, ìbọn sílíkóònù kan. Ẹ buwọ́ lùwé kí ẹ tó mú un, ọ̀sẹ̀ kan péré ni. Ayùn irin kò sí níbẹ̀ mọ́. Ẹni tó mú un lọ láti oṣù tó kọjá mọ ara rẹ̀, akápò náà sì mọ̀ ọ́n.